Ìyapa kọ́, ìdádúró kọ́: kí la ó wá pe cantonalismo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti àná ni ìbéèrè àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn ilẹ̀ Sípéènì kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dí òun lọ́nà, cantonalismo, èrò àwọn tó fẹ́ pín orílẹ̀-èdè sí canton-canton, ìyẹn ìlú tàbí agbègbè kéékèèké, kí canton kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìyapa". Ẹlòmíràn ní "ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri? Ẹnì kẹta mú "ìdádúró ìlú" wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè gba "ìyapa" wọlé. Ẹni tó yapa ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé. Àwọn ará Cartagena, ìlú èbúté kan ní Sípéènì, tó kéde canton ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1873 kò kó ẹrù kankan jáde. Sípéènì ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba mọ́ láti oṣù Kejì ọdún náà, nígbà tí Ọba Amadeo kọ oyè sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ilé aṣòfin kéde pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò jẹ́, àmọ́ òfin tí yóò sọ bí wọn yóò ṣe pín agbára kò tíì jáde. Pi y Margall tó wà lórí àlééfà ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí ilé aṣòfin kọ ọ́ tán. Àwọn aláìgbẹ̀bẹ̀ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá. Wọ́n ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ gba àkóso ara rẹ̀, kí gbogbo wọn tó wá pàdé di Sípéènì. Sevilla, Cádiz, Valencia àti Málaga náà gbé canton tiwọn kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìkéde Cartagena, Pi y Margall kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ẹ̀rí tó wù mí jù lọ ni owó fàdákà tí Cartagena rọ nígbà tí ogun ká a mọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé àwọn centralista, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí gbogbo agbára wà lọ́wọ́ ìjọba àárín gbùngbùn, ló sàga ti Cartagena. Wọn ò sọ pé àwọn ará Sípéènì ni. Iye tó sì wà lára owó náà ni pẹ́sẹ́tà márùn-ún, pẹ́sẹ́tà tí gbogbo Sípéènì ń ná nígbà náà. Ta ló ń yapa, tó tún ń fi orúkọ owó ilé tó fi sílẹ̀ pe owó tirẹ̀?

"Ìdádúró" ńkọ́? Mo mọ ohun tí ẹni tó dá a lábàá ní lọ́kàn: kí ìlú dá dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti lálejò nínú. Tí wọ́n bá dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìdádúró ni. Tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, ìdádúró ni. Ẹni tó bá ka "ẹgbẹ́ ìdádúró ìlú" nínú ìwé àbúrò wa yóò rò pé àwọn kan ni kò fẹ́ kí ìlú tẹ̀ síwájú.

"Ẹlẹ́kùnjẹkùn" dára, ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di tiwa. Èmi gan-an yóò lò ó fún Sípéènì òde òní, tí òfin ọdún 1978 fi àyè sílẹ̀ fún, tó sì ní agbègbè 17 tó ń ṣàkóso ara wọn. Àmọ́ ẹkùn fẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń wà nínú ẹkùn kan. Almansa àti Tarifa pe ara wọn ní canton, bẹ́ẹ̀ ìlú kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. (Ìtumọ̀ canton láti ìpilẹ̀ ni igun. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dábàá "ìjọba onígun", mo wá rántí irú ojú tí a fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbí. Ẹnì kan á ṣèèṣì fi àmì òkè sí i, ìjọba á di ti ẹyẹ igún.)

Ibi tí mo dé rèé. Ẹ wo "àpapọ̀" àti "ìparapọ̀". Nínú "àpapọ̀", ẹnì kan wà tó ń pa nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí olùṣírò bá pa iye pọ̀. Àwọn iye náà ò sọ̀rọ̀. Nínú "ìparapọ̀", "ara" wà láàárín: wọ́n pa ara wọn pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wà láyè ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkìtì Parapọ̀ tó bá Ìbàdàn jagun Kírìjì kò sọ pé ọba ìlú kankan kì í ṣe ọba mọ́. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni ìjà ọdún 1873. Ilé aṣòfin fẹ́ pa Sípéènì pọ̀ láti òkè. Àwọn Cartagena fẹ́ kí àwọn ìlú para pọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, "ètò ìlú-parapọ̀" ni mo dá lábàá, kí àwọn tó ń jà fún un jẹ́ "onílùú-parapọ̀".

Àléébù kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fi pa mọ́: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn tó bá gbọ́ "parapọ̀", àwọn tí wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń rán aṣọ ẹgbẹ́. Mo rò pé "ètò" tó ṣíwájú yóò lé èrò yẹn sá. Bí kò bá lé e tán, ó ṣì sàn ju kí a pe ènìyàn ní ohun tí kò pe ara rẹ̀. Ìjọba Salmerón tó gorí àlééfà lẹ́yìn Pi y Margall ti ṣe ìyẹn tó: àṣẹ ló fi sọ pé ajalèlókun ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Cartagena. Ìlú náà ṣubú ní oṣù Kíní ọdún 1874.

Canton fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ canton. Switzerland ní 26, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Àbúrò wa, ó ku ẹyọ kan. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Sípéènì, cantonalismo ní ìtumọ̀ kejì: ìdàrúdàpọ̀ ìlú tí agbára ìjọba ti dẹ̀ jù. Ẹ̀gàn àwọn tó ṣẹ́gun ló ń rùn nínú ìyẹn. Bí o bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu òṣèlú kan tó ń bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, má fi "ìlú-parapọ̀" túmọ̀ rẹ̀ o. "Ìjọba ta-ni-yóò-mú-mi" ni kí o kọ.