Re: "Ìṣúra" kọ́ ni resource, "ìpamọ́" náà kọ́ ni reserve

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́, ti ìwakùsà pílátínọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérasọ yẹn, wọ́n lo "ìṣúra" fún resource, wọ́n tún lò ó fún reserve, nígbà tí ẹnìkan wá bi wọ́n, wọ́n ní ká kúkú pe reserve ní "ìpamọ́". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ló pa á mọ́? Òkúta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀ dè wá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa lérè, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn gan-an ló ń wò. Resource ni èyí tí wọ́n ṣírò pé ó wà nílẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ síbí, wọ́n á gbẹ́ òmíì sọ́hùn-ún, ẹ̀rọ á fa òkúta jáde gbọọrọ bí ọ̀pá, wọ́n á là á sí méjì, ìlàjì á lọ sí láàbù, ìlàjì tó kù á wà nínú àpótí, wọ́n á kọ bó ṣe jìn tó sí i lára. Tí ihò ò bá tíì pọ̀, inferred ni wọ́n ń pè é, mo dábàá "àfojúdá" torí pé wọ́n fojú dá a ni lóòótọ́. Tí ihò bá ti sún mọ́ra dáadáa, ó di measured, "àwọ̀ndájú". Ti àárín méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Reserve ni èyí tí wọ́n ti ro owó ìwakùsà, iná, omi, ìwé àṣẹ àti ọ̀rọ̀ ará àdúgbò mọ́ tó ṣì lérè. "Àwàjèrè" lèmi mú wá. JORC ti Ọsirélíà àti SAMREC ti South Africa, ìyẹn òfin tó ń darí bí ilé iṣẹ́ ìwakùsà ṣe ń ròyìn ohun tó wà nínú ilẹ̀, ò tiẹ̀ gbà kéèyàn sọ inferred di reserve tààrà, àwa wá fẹ́ fi "ìṣúra" kan ṣoṣo sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Ká lè rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó máa lérè, ẹ wo Merensky Reef, ìpele òkúta tó ní pílátínọ́ọ̀mù ní Bushveld ní South Africa, tí wọ́n rí ní 1924. Ó nà lọ rẹrẹẹrẹ, àmọ́ níbi púpọ̀ kò nípọn tó mítà kan, wọ́n sì ní láti gé òkúta lásán tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó ráyè ṣiṣẹ́, gíráàmù irin iyebíye inú tọ́ọ̀nù òkúta kan á sì já wálẹ̀. Ti UG2, ìpele òkúta mìíràn tó ní pílátínọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ẹ̀, kromáìtì (òkúta tó ní kíróòmù) kún inú ẹ̀, ìyẹn sì máa ń da ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ ọ láàmú.

Èyí tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: ẹ̀gbọ́n kọ "gíráàmù 4 pílátínọ́ọ̀mù", bẹ́ẹ̀ 4E ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń tú! Pílátínọ́ọ̀mù, palladium, rhodium àti wúrà lápapọ̀ nìyẹn o, owó wọn ò jọra lọ́jà, bí wọ́n sì ṣe pín in síra yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Ẹ jẹ́ ká fi 4E sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn to orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé e níbi àkọ́kọ́ tó bá ti jáde.