Ilé bàbá wa ní Mushin: ìdí-igi ni àbí orí-ò-jorí? Mi ò fẹ́ kó di ẹjọ́

OmoIyawoKeji:
Ẹ kúulé o. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, wọn ò ṣe wíìlì. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, face-me-I-face-you oníyàrá 12 ní Mushin. Ìyáálé bí mẹ́rin, ìyá tèmi bí méjì. Bọ̀dá wa àgbà ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tẹ́náǹtì, wọ́n ní orí-ò-jorí (kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà) làwọn máa fi pín in, èmi àti àbúrò mi ní ìdí-igi (kí ìdílé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà) ni Yorùbá ń pín. Nípàdé ẹbí tá a ṣe gbẹ̀yìn, ńṣe ni wọ́n ta àga nù tí wọ́n ní ká pàdé ní kọ́ọ̀tù. Màmá mi ṣì ń gbé yàrá kejì láti ẹnu ọ̀nà o. Kí la lè ṣe?

AgbaLoya:
Ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ṣé wọn ò ṣègbéyàwó réjísìrì pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó? Tí wọ́n bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, òfin ìjọba ló máa pín in. Tí ò bá sí, òótọ́ lẹ sọ, ìdí-igi ni. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole l'Ékòó níbí, ìyàwó 4, ọmọ 9, adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí, kọ́ọ̀tù òkè yí i padà, ó rìn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1962, àwọn náà ní ìdí-igi làṣà, àmọ́ tíjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in. Ẹ wò ó ná: ìdí-igi, yàrá 6 ló kàn yín, orí-ò-jorí, 4. Torí yàrá 2 lẹ ṣe fẹ́ para yín. Owó lọ́yà á jẹ jùyẹn lọ, lọ́yà sì lèmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí o 😂

MamaIbeji_Surulere:
Ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láìsí ẹjọ́, ti ìjọba Èkó ni, wọn kì í gbowó. Ibẹ̀ làwa parí tiwa sí. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ya àkọ́kọ́, ìgbà tí ìkejì dé ló wá. Alárinà yẹn ò dájọ́ fẹ́nì kankan, ó kàn pe kálukú sí kọ̀rọ̀ ó ní kí lẹ ń fẹ́ gan-an. Èmi rò pé ilé lẹ̀gbọ́n mi ń lé, àṣé owó òkú tó ná tẹ́nì kankan ò dúpẹ́ ẹ̀ ló wà níkùn ẹ̀! A yọ ọ́ fún un nínú owó ilé, ara ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ bi bọ̀dá yín, èló ni wọ́n ná?

Ogbeni_Idiaraba:
Gbogbo ìyẹn dáa, àmọ́ tí bọ̀dá yín bá ti ń wá ẹni tó máa ra ilé yẹn, ẹ má jókòó sípàdé kankan o, ẹ sáré lọ kọ́ọ̀tù kí wọ́n dá a dúró. Ta ló máa mú un pa àdéhùn mọ́ tó bá yarí?

AgbaLoya:
@Ogbeni ìyẹn náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gba Lagos Multi-Door Courthouse, ibi ìlàjà tó so mọ́ kọ́ọ̀tù, tádájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn wọn, ó ti di ìdájọ́. OmoIyawoKeji, ẹ rí i pé wọ́n kọ yàrá màmá yín sínú ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa lé wọn.

OmoIyawoKeji:
Ẹ ṣé gan-an. Kò sí réjísìrì rárá. Màmá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn, bọ̀dá ló ra pósí àti màlúù, a ò tiẹ̀ bi wọ́n rí. Màá kọ́kọ́ lọ kí wọn lọ́jọ́ Sunday ná.