Níbo ni kí n gbé òkúta atẹ́gùn sí nínú àpótí ẹja mi?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àpótí gíláàsì mi gba omi 120 lítà. Igun kan ni òkúta atẹ́gùn wà, ìyẹn òkúta kékeré oníhò tí ẹ̀rọ kan ń fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ sínú omi. Omi ń hó yaya níbẹ̀, àmọ́ àjẹkù oúnjẹ ń kó jọ sí igun kejì. Láàárọ̀, àwọn ẹja á máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Àánú wọn ń ṣe mí gan-an. Mo mọ̀ pé bí ìhó yẹn ṣe ń gbé omi ìsàlẹ̀ gòkè, tó ń ru ojú omi, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ṣé kí n gbé e sí àárín, àbí kí n fi èkejì kún un? Ẹ̀rọ rẹ̀ tún wà nísàlẹ̀ ju omi lọ: bí iná bá lọ, ṣé omi ò ní gba inú rọ́bà wọ̀ ọ́?