Ẹ jọ̀ọ́, omi ni àbí oúnjẹ ló ń yí egungun etí ẹja padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹja. Àkúrẹ́ ni mo wà, egungun kékeré inú etí ẹja, otolith, ni mò ń fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì mi. Ìlà tín-ín-rín lójoojúmọ́ ló máa ń lé e lára nígbà tí ẹja ṣì kéré, òun la fi ń ka ọjọ́ orí ẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run yìí wù mí gan-an ni. Mo mú ọmọ àrọ̀ nínú Odò Àlà, mo tún ra ti póǹdì, mo wá yọ lapillus wọn, ìyẹn oríṣi otolith kan, torí òun ló rọrùn jù lára àrọ̀, ti ẹpìyà sagitta ni, oríṣi otolith mìíràn. Ìlà ti póǹdì fẹ̀, ti odò há mọ́ra, ṣùgbọ́n méjì nínú ti póǹdì mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹ̀rù bà mí. Ṣé vaterite nìyẹn, oríṣi kírísítàlì mìíràn tó gba ipò aragonite, kírísítàlì tó sábà máa ń wà nínú otolith? Mo mọ̀ pé ooru omi àti oúnjẹ lè mú kí ìlà fẹ̀, báwo ni mo ṣe máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì báyìí? Ṣé kí n máa wọn ooru omi láàárọ̀ àti lálẹ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ sin òmíràn nínú báàfù, kí n fún gbogbo wọn lóúnjẹ kan náà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ ṣàánú mi.