Ọjọ́ mẹ́ta ní Cochem létí odò Mosel: tíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀sì, orúnkún àgbà àti ọjọ́ Sunday

Àdùkẹ́ (London): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Jámánì. Cochem la fẹ́ lọ láàárín Oṣù Kẹwàá, láti Friday di Sunday. Mẹ́rin ni wá: èmi, màmá mi ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 4. Köln la máa bọ́ sí, a ò ní wa mọ́tò. Tíkẹ́ẹ̀tì wo ni ká rà? Ṣé màmá lè dé Burg Eltz, ilé olódi àtijọ́ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé (Koblenz): Àdùkẹ́, ẹ kú ètò o. Ẹ jẹ́ ká mú ti tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ibẹ̀ lowó ti máa ń ṣòfò. Láti Köln, ọkọ̀ ojú irin RE5 ló ń gba Bonn lọ sí Koblenz. Ní Koblenz Hauptbahnhof, sítéṣàn ńlá ibẹ̀, ẹ wọ RE1 tó forí lé Trier; kò ní ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ tẹ́ ẹ fi máa dé Cochem. RB81 náà ń gba ojú irin yẹn, àmọ́ abúlé tó bá rí ló ń dúró sí.

Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún gbogbo Jámánì, ti di yúrò 63 lóṣù láti Oṣù Kìíní 2026. RE, RB, bọ́ọ̀sì ìgboro, gbogbo ẹ̀ lẹ lè fi wọ̀, àfi ICE àti IC, àwọn ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn. Ibi tó ti ń mú àlejò ni pé àdéhùn oṣooṣù ni. Tẹ́ ẹ ò bá fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n á tún yọ owó oṣù tó tẹ̀ lé e nínú àkáǹtì yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún, ọmọ ọdún 9 ò lè bá yín gun ún. Ti ọmọ ọdún 4, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó.

Fún ìrìn àyíká Cochem, Rheinland-Pfalz-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ tí Cochem wà, lèmi fara mọ́. Ti ọjọ́ kan ni, èèyàn márùn-ún ló lè jọ lò ó, owó díẹ̀díẹ̀ ló sì ń gorí ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń pọ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀. Saturday àti Sunday, láti òru ni. Aago mẹ́ta òru ọjọ́ kejì ló ń kú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín sí i kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹni tó bá fi wọ ọkọ̀ aago 8:40 lọ́jọ́ Friday, ojú ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá ni wọ́n á fi wò ó, yúrò 60 sì ni owó ìtanràn.

Akin (Köln): Ẹ má gbàgbé SEV o. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí lórí DB Navigator, app ọkọ̀ ojú irin Jámánì, Schienenersatzverkehr ni: wọ́n ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín. Bọ́ọ̀sì yẹn lè má dúró níwájú sítéṣàn, ẹ wá àmì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó ti ẹrù. Ẹ wo app lálẹ́, kẹ́ ẹ tún un wò láàárọ̀.

Lórí ìwé: ẹni tó bá ń lo páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní London, físà Schengen ṣì jẹ́ dandan fún un, kódà kó ní ìwé ìgbélùú UK. Páàsípọ́ọ̀tù gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù, ọlọ́pàá lè béèrè ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí orúkọ ìdílé ọmọ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ mú ìwé ìbí ẹ̀ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda bàbá ẹ̀ wá.

Ìyá Ìbejì (Trier): Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Burg Eltz ṣeé lọ fún wọn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n máa gbà. Ọ̀nà tí wọ́n máa ń júwe ni pé kẹ́ ẹ sọ̀ ní Moselkern (RB81 ló ń dúró níbẹ̀, RE ń kọjá ni), kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ tọ odò Elzbach wọ inú igbó. Ó tó kìlómítà márùn-ún, wákàtí kan ààbọ̀ fún ẹni tó ń mú ọmọdé dání. Gbòǹgbò igi àti òkúta ló kún ibẹ̀, ìparí ẹ̀ sì jẹ́ àtẹ̀gùn. Orúnkún tó ń dùn ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ẹ gba takisí láti Cochem tàbí Treis-Karden lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí Burg Eltz lókè. Pendelbus, bọ́ọ̀sì kékeré kan, ló ń sọ èèyàn kalẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹ̀bá ilé olódi náà, ó sì ń gbé wọn padà. Ẹ bá onítakisí ṣàdéhùn aago tó máa padà wá gbé yín kó tó lọ. Ẹ má sọ pé ẹ máa pè é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ire nínú àfonífojì yẹn.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin sí ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣí i, láti 9:30 àárọ̀. Afinimọ̀nà ló ń mú èèyàn yí inú ká, àtẹ̀gùn wà, wọn ò sì gbà kéèyàn ya fọ́tò nínú ilé. Bí màmá ò bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n wo ilé náà láti ìta: ìdílé kan náà ló ni ín láti ohun tó lé ní 850 ọdún, ogun ò sì wó o rí. Reichsburg, ilé olódi tó wà lórí òkè Cochem, ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé ti fọ́ ọ ní 1689. Oníṣòwò ará Berlin kan, Louis Ravené, ló tún un kọ́ láti 1868.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an mà. Reichsburg náà ńkọ́, ṣé ó ga?

Ìyá Ìbejì: Ó ga. Láti àárín ìlú, bí ogún ìṣẹ́jú ni, òkè ṣáá ni. Ní àsìkò àlejò, bọ́ọ̀sì kékeré wà láti Endertplatz, àmọ́ ó ṣì ku ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀. Ohun tó máa tẹ́ màmá lọ́rùn jù ni ọkọ̀ ojú omi lọ sí Beilstein. Ọkọ̀ ojú irin ò débẹ̀. Ẹ fi ọkọ̀ ojú omi lọ, kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀sì padà. Ní Fankel, wọ́n á ti ọkọ̀ mọ́ inú Schleuse, yàrá omi onílẹ̀kùn, omi á rọra gbé e sókè; àwọn ọmọ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà Beilstein, bàtà pẹlẹbẹ ni kí màmá wọ̀.

Akin (Köln): Ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé àkókò bọ́ọ̀sì dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ «an Schultagen» sí, ọjọ́ ilé ìwé nìkan ló ń rìn, Herbstferien, ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, sì máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹwàá. Èyí tí wọ́n kọ Rufbus sí, tẹ́ ẹ ò bá pè wọ́n tẹ́lẹ̀, kò ní wá. Ibi tí àlejò ti ń dúró títí ilẹ̀ ń ṣú nìyẹn.

Ní tèmi o, Koblenz ni kẹ́ ẹ sùn sí. Ọkọ̀ pọ̀, oúnjẹ pọ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Akin, mi ò gbà. Ẹni tó ní màmá àti ọmọ ọdún 4 ò gbọdọ̀ máa wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ lójoojúmọ́. Cochem ni kí wọ́n sùn sí, kí màmá lè padà lọ sinmi lọ́sàn-án. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ferienwohnung, ilé tí wọ́n ń yá àlejò, lẹ gbà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé owó ìmọ́tótó ìkẹyìn wà nínú iye tí wọ́n dá, ṣé aṣọ ibùsùn wà, àti pé àjà kelòó ni? Ilé àtijọ́ inú ìlú yẹn kì í sábà ní ẹ̀rọ agbéniròkè.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ Sunday, gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì á tì. Ẹ ra oúnjẹ ní Saturday. Ilé búrẹ́dì nìkan ló ń ṣí fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀. Gàrí, èlùbọ́ àti ata, láti Köln ni kẹ́ ẹ ti rà wọ́n. Ilé oúnjẹ pàápàá ní Ruhetag, ọjọ́ ìsinmi tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní dáná láàárín aago méjì sí aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ mú owó lọ́wọ́, àwọn ilé wáìnì kéékèèké kan ò gba káàdì. Ẹ má ju ike omi àti agolo nù: sẹ́ǹtì 25 ni Pfand, owó ìdógò, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ súpámákẹ́ẹ̀tì á dá a padà fún yín.

Ańtí Rónkẹ́ (Luxembourg): Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti Cochem wá sọ́dọ̀ wa: RE1 àti RE11 máa ń so pọ̀ rìn ni. Ní Trier ni wọ́n ti máa já wọn. Apá kan á máa bọ̀ ní Luxembourg, èkejì á gba Saarbrücken lọ. Ẹ wo ara ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Láti 2020, ọkọ̀ ìjọba tiwa jẹ́ ọ̀fẹ́, kíláàsì kejì.

Àdùkẹ́: Ẹ kú oore o. Màmá ní wọ́n fẹ́ tọ́ wáìnì tuntun wò. Ṣé a lè gbé e wá sí London?

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Federweißer nìyẹn, àsìkò ẹ̀ gan-an ni Oṣù Kẹwàá. Bí ẹmu ló rí, ó ṣì ń hó. Wọn kì í dé ìgò ẹ̀ pa, torí pé yóò bẹ́, nítorí náà òòró ni kẹ́ ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ nínú báàgì, gbogbo aṣọ ló máa mu ún. Ó dùn bí omi èso, àmọ́ ó ń pani bí ọtí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń jẹ Zwiebelkuchen, àkàrà òyìnbó alálùbọ́sà, sí i, ẹ béèrè bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ti bàálù, ẹ gbàgbé ẹ̀. Níbẹ̀ ni kí màmá ti mu ún.