Kẹ̀kẹ́ full suspension mi ti lé lọ́dún mẹ́rin: ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n tà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kẹfà ọdún 2021 ni mo ra kẹ̀kẹ́ olókè kan, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú tó tún ní lẹ́yìn, full suspension tí wọ́n ń pè é. Ètò Cycle to Work ti ibi iṣẹ́ wa ni mo bá wọlé, wọ́n ń yọ owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ owó orí. £2,600 ni. Férémù alumíníọ̀mù ni, táyà ìǹṣì 29. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní mílímità 140, iwájú 150. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, mo wọn kílò 92, ẹ̀yìn sì máa ń dùn mí tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ líle. Ohun tó jẹ́ kí n ra eléyìí nìyẹn.

Mi ò ní purọ́, ó ṣe mí lóore. Lady Cannings ni mo ti mọ̀ ọ́n gùn, igbó igi kan lẹ́yìn ìlú wa níbí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi lọ sí Peak District, agbègbè olókè tó wà lẹ́bàá ìlú wa. Ọjọ́ tí a gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Cut Gate láti Langsett, ẹrẹ̀ gbé ẹnì kan nínú wa dé orúnkún, bàtà ẹ̀ kan kù síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tèmi ń gorí òkúta bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù.

Àmọ́ owó! Ṣéènì mẹ́rin, kásẹ́ẹ̀tì méjì (àwọn eyín irin ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí lé lórí), táyà ẹ̀yìn márùn-ún. Páàdì bíréèkì, mi ò ka ìyẹn mọ́. Òkúta tí wọ́n ń pè ní gritstone ló pọ̀ lágbègbè wa, yanrìn ló ń hù lára ẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ sí i, bíi pé èèyàn ń fi sáńpépà ha bíréèkì ni.

Láti bí oṣù méjì báyìí, tí mo bá ń gun òkè, ó ń dún: kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Tí mo bá sì fi ìjókòó ẹ̀ gbé e sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ á mì, á dún "tọ́" kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mì ín lẹ́ẹ̀kan péré, ló bá kọ̀wé fún mi: gbogbo bíárìn ẹ̀yìn (àwọn òrùka irin tó ń jẹ́ kí apá ẹ̀yìn máa mì), sàfíìsì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, sàfíìsì fọ́ọ̀kì (ṣọ́ọ̀kì iwájú), bíárìn ìdí pẹ́dà, £540. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó ní ṣé kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì Èkó nìyẹn. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ṣé kí n san án? Àbí kí n tà á, kí n fi ra hardtail, èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn rárá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó tipẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Leeds

Àbúrò, o kú ìnáwó. Kí n tó dá sí i: láti 2021, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ṣe sàfíìsì ṣọ́ọ̀kì yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe é rí o. Mo ń fọ̀ ọ́ dáadáa ṣá.

Bàbá Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Leeds

Háà. O ń fọ̀ ọ́.

Gbọ́ bó ṣe rí. RockShox, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé tí wákàtí 50 bá ti pé, kí èèyàn tú ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, kó da epo àtijọ́ nù, kó bu tuntun sí i. Ká ní o ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, 50 ti pé. Oṣù mẹ́ta nìyẹn! Èmi fúnra mi ò ṣe é lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ta ló ráyè? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni tèmi, kí òtútù tó wọlé àti nígbà tó bá kásẹ̀. Àmọ́ ọdún mẹ́rin gbáko!

Epo inú ibẹ̀ kò ju kí ó kún ìdérí ìgò lọ. Tó bá ti gbẹ tàbí tí omi wọ̀ ọ́, irin ló kù tó ń ha irin. Lọ nu ọ̀pá dídán fọ́ọ̀kì rẹ mọ́ tónítóní, wo ẹ̀yìn ẹ̀, apá tó kọjú sí táyà, torí ibẹ̀ lẹnikẹ́ni kì í wò. Bí àwọ̀ ẹ̀ bá ti ń ṣí tàbí tí o rí ìlà, fi èékánná kan án. Tí èékánná ò bá kọ́, o ṣì ríbi sá sí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Cardiff

Ẹ kú ìrìn o. Obìnrin ni mí, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun tèmi, àlòkù ni mo rà á. BikePark Wales, ọgbà kẹ̀kẹ́ olókè ní Merthyr Tydfil, ni mo máa ń gbé e lọ tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru, ẹ má bi mí bóyá mo máa ń sùn. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ìnáwó ẹ̀ sí. Ọdún tó burú jù níbẹ̀ ni ọdún kejì, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ń bá mi ṣe gbogbo nǹkan. Látìgbà tí mo ti ń tú u fúnra mi, owó ẹ̀ kò tó ìdajì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Sheffield, ẹ má sanwó bíárìn tẹ́ ò tíì fojú rí. Ẹ tú bóòtù tó mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò pátápátá, kó ku férémù àti apá ẹ̀yìn nìkan. Ẹ wá fọwọ́ gbé apá ẹ̀yìn náà sókè, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ bí ilẹ̀kùn fìríìjì. Tó bá ń gán, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ ọ bí ẹni ń lọ iyọ̀, bíárìn ti kú. Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka yí inú ẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì péré ló bàjẹ́ nínú mẹ́jọ.

Ohun tó ń pa bíárìn ẹ̀yìn ni pé kì í yí po bíi ti táyà. Ó kàn ń mì síwá sẹ́yìn ní ojú kan náà, nítorí náà àwọn ọmọ irin inú ẹ̀ á gbẹ́ ihò síbi tí wọ́n jókòó sí, omi á sì wá dúró níbẹ̀. Tí mo bá ra tuntun, mo máa ń fi orí abẹ́rẹ́ ṣí rọ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀, màá fi gíríìsì kún un dẹ́nu, torí èyí tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ kéré. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ẹ̀. Tèmi jẹ́ 6902: ihò inú mílímità 15, fífẹ̀ 28, nínípọn 7. Ẹ kàn ka nọ́ńbà náà fún ẹni tó ń ta bíárìn ẹ́ńjìnnì, kò dìgbà tẹ́ ẹ dárúkọ kẹ̀kẹ́, torí tí wọ́n bá ti gbọ́ kẹ̀kẹ́ ni owó ń gòkè. Láti tì í wọlé, bóòtù gígùn kan, nọ́ọ̀tì méjì àti wáṣà tó fẹ̀ tó ìta bíárìn náà, kẹ́ ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òòlù lù ú o! Mo lu ọ̀kan rí, ẹkún ni mo fi parí ọjọ́ náà.

Ti ariwo yẹn, kò dá mi lójú pé bíárìn ni. Ariwo kẹ̀kẹ́ máa ń tanni, ó lè wà lórí kó máa dún nísàlẹ̀. Lórí òkè, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà, kẹ́ ẹ máa wà á lọ. Bó bá dákẹ́, ìjókòó tàbí ọ̀pá ẹ̀ ni.

Ìbéèrè kan: kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield

Ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò nílé epo. Ẹ má bínú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Cardiff

Mo mọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Atlanta

Gbogbo àlàyé yìí ló jẹ́ kí n ta tèmi lọ́dún 2022. Ìgbà wo lèèyàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ tó bá ń fi gbogbo Sátidé tú bíárìn? Hardtail onírin ni mò ń gùn báyìí. Ṣéènì, táyà, páàdì, ó parí. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí amọ̀ pupa tiwa níbí, á lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ẹ̀ bí iyán, okùn omi lásán ni mo sì máa fi ṣàn án. Orúnkún mi ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mi. Bọ̀dá, ẹ tà á jàre.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Cardiff

Tà á fún ta ni? Ọdún 2021 tí wọ́n rà á, kẹ̀kẹ́ wọ́n, àwọn èèyàn ń kọ orúkọ sílẹ̀ dúró. Nígbà tó máa fi di 2023, ọjà ti kún ṣọ́ọ̀bù, tuntun gan-an ni wọ́n ń já owó ẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra eléyìí báyìí á mì í, á gbọ́ "tọ́" yẹn, á yọ £540 náà kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni wọ́n dúró fún lórí férémù, kì í tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yìn ló ń dun ẹ̀gbọ́n wa. Orúnkún yín ò lè bá wọn gbé ìyẹn.

Yangí, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń jayé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Tòkunbọ̀ ni mo rà, full suspension, nínú àwọn tó bá kọ̀ntéènà dé. Mo rò pé mo rí ọjà he. Lóṣù kẹrin, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ epo, afẹ́fẹ́ ò dúró nínú ẹ̀ mọ́. Mo wá sílì ẹ̀ títí, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ jáde. Àwọn tó ń ta pààtì ọ̀kadà gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó. Ẹnì kan bá mi fi sílì ọ̀kadà sí i, ọjọ́ méjì ló lò. Nígbà tó sú mi, mo wọ́ ọ lọ bá wẹ́dà àdúgbò wa. Ó wọn ṣọ́ọ̀kì náà láti ojú ihò dé ojú ihò, ó gé irin tó gùn bákan náà, ó lu ihò sí i lórí nísàlẹ̀, ó bóòtù ẹ̀ mọ́bẹ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti ní hardtail tó wúwo jù ní gbogbo Ìbàdàn. Ọ̀nà Erúwà ni mo máa ń gbé e gbà. Ìdí mi ló mọ bó ṣe rí.

Ẹ ní sílì, ẹ ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Bọ̀dá Sheffield, ẹ tún un ṣe.

Bàbá Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Leeds

Ìwọ Yangí, ṣọ́ra o. Férémù tí wọ́n ṣe kó máa mì, tí o bá fi irin dè é, ibòmíì ni agbára yẹn máa gbà jáde. Ó máa là lọ́jọ́ kan.

Yangí, Ìbàdàn

Ó ti là, sà. Férémù irin ni. Wẹ́dà kan náà ló jó o.

Bàbá Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Leeds

Ọlọ́run ṣọ́ ẹ.

Àbúrò Sheffield, kí n má gbàgbé. Òrùka rọ́bà kékeré kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ, òun lo máa fi mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tó. Wọ gbogbo aṣọ àti báàgì tí o fi ń jáde, fara ti ògiri, ti òrùka náà lọ dé ìdí ṣọ́ọ̀kì, jókòó jẹ́jẹ́ sórí kẹ̀kẹ́, má fò, kí o sọ̀ kalẹ̀. Wọn ibi tó sún un dé. Bí ọ̀pá náà bá jẹ́ mílímità 55, bíi 16 sí 17 ló yẹ kó jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ìdúró o. Mo ti tú u.

Ariwo náà kọ́kọ́. Mo dìde lórí pẹ́dà bí àǹtí ṣe wí, ó dákẹ́ wáí. Mo yọ ọ̀pá ìjókòó, yanrìn ló kún inú ihò ẹ̀. Mo nù ún, mo fi gíríìsì díẹ̀ pa á, mo dá a padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi. Oṣù méjì ni mo fi gbọ́ ariwo yẹn.

Bíárìn mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn. Mẹ́fà yí dáadáa. Méjì tó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá pẹ́dà, ló ti dípẹtà. Ọ̀kan ò tiẹ̀ yí mọ́ rárá, nígbà tí mo yọ ọ́, omi pupa ìpẹtà ló kán sórí káńtà ilé ìdáná wa. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dojú ẹ̀rọ omi kọ ní gbogbo ìgbà, mo rò pé mò ń mú ẹrẹ̀ kúrò. £14 ni mo ra méjèèjì. Mo ra sípánà tó ń sọ bí bóòtù ṣe le tó, torí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún bóòtù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra wọn, ìyẹn £35. Bíárìn ìdí pẹ́dà kò ní nǹkan kan tó ṣe é.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, £125. Nígbà tó dé, mo wọn òrùka rọ́bà. Bàbá, 24 ni. Wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ tí mo ní kí wọ́n fi sí i sí i, 160 psi, èyí tí mo ti ń lò látọjọ́ tí mo ra á. Tìmùtìmù tí mò ń fi yangàn yẹn, ṣọ́ọ̀kì tí kò ní afẹ́fẹ́ tó ni! Mo fẹ́ ẹ dé 215 kó tó wá sí 17. Mo gbé e lọ sí Lady Cannings láàárọ̀ yìí. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, mo kọ́kọ́ bínú sí yín. Àmọ́ nígbà tó kan òkè, kò rì sẹ́yìn mọ́, mo gùn ún dé orí láìsọ̀. Ẹ̀yìn mi ò sì dùn mí.

Ìyàwó mi ti rí owó tó kù. Ó ti ní iṣẹ́ fún un.

Fọ́ọ̀kì ló kù. Mo nu ọ̀pá ẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ìlà kan wà lápá òsì, kò gùn ju èékánná lọ. Èékánná mi ń kọ́ níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni. Ṣé díẹ̀ náà burú?

Bàbá Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Leeds

Ya fọ́tò ẹ̀ wá. Nínú oòrùn, má yà á lábẹ́ iná.