Ẹ gbà mí o: mọ́tò mi ń pariwo lóru, réwáyà ní BCM ló bàjẹ́

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó bá mọ̀ nípa iná mọ́tò jọ̀ọ́ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mọ́tò tí mo fi ń kó kúlà àti ìkòkò lọ síbi ìnáwó ló yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ní òru, láìsí ẹnì kan nínú rẹ̀, họ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wáípà á máa gbá gíláàsì gbígbẹ. Ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀, á tún ṣí ara rẹ̀. Iná inú rẹ̀ kì í kú. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, bátìrì á ti kú pátápátá.

Onílé ti kìlọ̀ fún mi lójú gbogbo ayálégbé. Obìnrin tó ń gbé òkè wa, tí mo bá se oúnjẹ ìkómọ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, òun ló pariwo jù. Àbúrò ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni, kí n lọ wádìí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo níṣẹ́ ní Ìjẹdẹ, wọ́n ti san ìdajì owó fún mi, mọ́tò kò dáhùn. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi kó ẹrù, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì dà sára aṣọ àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bèèrè owó tó kù.

Réwáyà mi ní BCM, ìyẹn brain box tó ń darí iná mọ́tò, ló bàjẹ́, kí n mú ₦120,000 wá. Ṣé kí n san án?

Awakọ̀ Agric
Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mi so alárámù ló gé wáyà kan lábẹ́ sítíárìn, ó fi téépù lásán wé e. Àfi ìgbà tí mo dé Mile 12 lóru ọjọ́ kan, tí gbogbo iná kú lójijì nínú gosiló. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò, ní Mile 12, lóru! Ẹ wò ó bóyá wọ́n so alárámù tàbí tracker sí tiyín.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀bùtẹ́
Bátìrì ni. Ẹ pààrọ̀ bátìrì.

Réwáyà Odógùnyán
Màmá, ẹ kú ìnáwó o. Mọ́tò wo ni? Ọdún wo? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀? Kí ni réwáyà yín fi wọ̀n ọ́n tó fi mọ̀ pé BCM ni? Ẹ dáhùn gbogbo ẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ owó.

BCM (body control module) ni brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú mọ́tò, tó ń darí iná, wáípà, títì ilẹ̀kùn, alárámù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá rẹ̀, tàbí wáyà tó lọ sára bọ́dì bá dípẹtà, BCM tó dáa gan-an á máa ṣe wérewère.

Mẹkáníìkì Ògolonto
Kí la tún ń wọ̀n? Àmì BCM ni gbogbo ohun tó kà sílẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta pátì mọ́tò, ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ fi sí i, ó parí.

Réwáyà Odógùnyán
Ẹ̀gbọ́n, kò parí o. Bá a bá fi òmíì sí i tí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, á pa èkejì. Owó ọlọ́wọ́ la fi ń ṣeré yẹn.

Ohun tí èmi máa ń ṣe rèé. Máa kọ́kọ́ wọn bátìrì. Tí mọ́tò bá sinmi, ó yẹ kó wà láàárín volt 12.4 sí 12.6. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Lẹ́yìn náà máa wo fíúsì àti wáyà bọ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa tó síkáànù, ìyẹn ni pé máa fi ẹ̀rọ ka àṣìṣe inú mọ́tò, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, torí ẹ́ńjìnì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Ẹ̀rọ tó lè wọ gbogbo brain box ni ká lò. Tó bá mú kóòdù àṣìṣe U0140 wá, ó ń sọ pé àwọn brain box yòókù kò gbúròó BCM mọ́. Kò sọ pé BCM ti kú o. Ó lè jẹ́ wáyà tó já, ó lè jẹ́ fíúsì.

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Ẹ ṣeun o. Kò sí alárámù, kò sí tracker. Bátìrì ò tíì pẹ́ rárá, kí ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bátìrì mọ́. Nissan Altima 2009 ni. Réwáyà mi mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọmọdé sí iṣẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀bùtẹ́
Mo ṣì sọ pé bátìrì ni. Bátìrì tuntun míì, ayédèrú ni.

Alhaji Ìta Ẹlẹ́wà
Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n! Wọ́n ti bi yín, ẹ ò dáhùn.

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Alhaji, ẹ má bínú sí mi. Kò wọ̀n ọ́n. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n torí pé bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́ náà nìyẹn, tí BCM tòótọ́ mọ́tò náà bàjẹ́ tó bá mi pààrọ̀ ẹ̀.

Réwáyà Odógùnyán
Màmá! Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ BCM kan rí?

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Bẹ́ẹ̀ ni, ṣáájú Kérésìmesì. Tòkunbọ̀ ni, ó ní òun rà á ní Ládípọ̀. Ọjọ́ tó fi sí i, mọ́tò kọ̀ kò dáhùn rárá, àfi ìgbà tá a san owó fún oníkọ́kọ́rọ́ tó wá fi kọ̀ǹpútà bá wa ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dáa. Ó dáa gan-an ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ẹ ò lè mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan rí. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló tún padà sí ìwà rẹ̀.

Mẹkáníìkì Ògolonto
Oníkọ́kọ́rọ́ yẹn kò jẹ̀bi. Nínú BCM Nissan yìí ni ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ti ọkọ̀ míì sí i, kò ní mọ kọ́kọ́rọ́ yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dáhùn títí wọ́n á fi mú wọn mọra. Ó yẹ kí réwáyà sọ ọ́ fún yín kó tó tú u.

Réwáyà Odógùnyán
Ẹ wo ohun tí màmá sọ: ó dáa nígbà ọyẹ́, ó bàjẹ́ nígbà òjò. Omi ni! Màmá, ẹ bọ́ síwájú mọ́tò, ẹ ti ọwọ́ yín bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lápá awakọ̀ àti lápá kejì, ẹ tẹ fóòmù abẹ́ ẹ̀ dáadáa. Ṣé ó tutù?

Awakọ̀ Agric
Èmi náà rántí, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi gba inú omi kọjá ní Ìtọ́kín, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ brain box ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Réwáyà Odógùnyán
Gbígbẹ nìkan kò tó. Omi tó bá kan bàbà inú ẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kéékèèké inú sókẹ́ẹ̀tì á hu nǹkan àwọ̀ ewé. Àfi ká tú u, ká fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀yà iná (contact cleaner) àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́.

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kápẹ́ẹ̀tì òkè gbẹ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ fóòmù abẹ́ ẹ̀, omi jáde sọ́wọ́ mi. Ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Mo rí ipa omi aláwọ̀ amọ̀ tó ṣàn wálẹ̀ lára òpó iwájú, láti ibi gíláàsì. Ṣùgbọ́n mi ò wọ inú àgbàrá kankan o, ẹ má fi ìyẹn kàn mí. Gíláàsì yẹn gan-an kò tíì pẹ́. Òkúta ta sí ti àkọ́kọ́ lọ́nà Ṣágámù, a sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá.

Alhaji Ìta Ẹlẹ́wà
Háà! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn!

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gíláàsì kan họ́ọ̀nù?

Réwáyà Odógùnyán
Màmá tọ̀nà, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ yìí kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó pààrọ̀ gíláàsì kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi gba etí ẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ lé òpó, ó bọ́ sórí wáyà àti sókẹ́ẹ̀tì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ló jọ pé ó mú BCM kìn-ín-ní, òun ló sì ń bá èkejì jà báyìí. Ẹ má san ₦120,000 yẹn fẹ́nì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ já tẹ́míná nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì lálẹ́ òní. Họ́ọ̀nù kò ní pariwo, onílé á sùn. Lọ́la, kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì máa fi họ́ọ̀sì da omi jẹ́jẹ́ sí gíláàsì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kẹ́ ẹ lè rí ojú ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ tún kó ewé tó bá wà lábẹ́ wáípà kúrò, ó lè dí ojú ihò omi níbẹ̀.

Mẹkáníìkì Ògolonto
Tí wọ́n bá tún gíláàsì yẹn lẹ̀, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù o. Gọ́ọ̀mù urethane ni ti gíláàsì iwájú. Kí wọ́n ha ìpẹtà etí irin ẹ̀ kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò jáde. Lórí èyí, èmi àti Odógùnyán fohùn ṣọ̀kan.

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún réwáyà? Àbúrò ọkọ mi ni. Ilé wa ló ti ń jẹun alẹ́. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ gbé mọ́tò lọ síbòmíì nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀bùtẹ́
Ẹ jẹ́ kí bàbá ilé sọ ọ́ fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Réwáyà Odógùnyán
Ẹ pè é wá pẹ̀lú yín, a jọ máa ṣe é, mi ò ní bú u. Tí gíláàsì bá ti dáa, a máa gbẹ kápẹ́ẹ̀tì, a máa fọ sókẹ́ẹ̀tì, a máa wọn àárín ihò 6 àti 14 níbi tí wọ́n ń so síkáànù mọ́, pẹ̀lú bátìrì ní jíjá. Ibẹ̀ ni wáyà méjì táwọn brain box fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ wà. Ó yẹ kó fún wa ní nǹkan bí óòmù 60. Tó bá jẹ́ 120, ẹ̀gbẹ́ kan ti já. Tó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn. Lẹ́yìn náà a máa wo iná tó ń jò nígbà tí mọ́tò bá ti sùn. Tí kò bá ju milliamp 50 lọ, bátìrì yín á bọ́.

Màmá, BCM àkọ́kọ́ dà?

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kò wúlò mọ́, òun fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra ohun tó ti bàjẹ́.

Réwáyà Odógùnyán
Ẹ pè é báyìí, kó má tà á! Tó bá ṣe é fọ̀, òun la máa dá padà, torí ti mọ́tò yín gan-an ni. Ṣùgbọ́n a ṣì lè nílò oníkọ́kọ́rọ́ kó tún mú wọn mọra.

Ìyá Alásè Ìgbógbó
Mo ti pè é. Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkọ mi máa gbà á bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.